Ọ́ìlì Ń Jò Lára Máṣíìnì Bàbá Mi

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Ọ̀mù-Àrán. Honda CG125 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mò ń gùn. Ọ́ìlì ń jò lápá òsì rẹ̀, nítòsí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré, eléyín tó ń fa ṣéènì. Mẹkáníìkì kan fún gbogbo bóòtù rẹ̀ le, òmíràn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ yíká. Síbẹ̀, kí n tó dé Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi á ti dúdú. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Tíṣà wa, ẹ kú ìrójú. Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ kalẹ̀ o. Láti 1976 ni Honda ti ń ṣe irú ẹ́ńjìnnì yẹn, ó lágbára, tí a bá ti mú sùúrù fún un.

Ẹ kọ́kọ́ wá orísun ọ́ìlì náà. Atẹ́gùn ọ̀nà máa ń gbá ọ́ìlì sẹ́yìn, ó sì ń ṣàn wálẹ̀, nítorí náà ibi tó ti ń kán lè jìnnà sí ibi tó ti ń jáde. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ ẹ́ńjìnnì náà nígbà tó bá tutù, ẹ há gọ́ọ̀mù yẹn kúrò, ẹ nù ún gbẹ. Kí ẹ wá bu àtíkè ọmọdé lé e lára, kí ó funfun báláú. Ẹ gùn ún fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ paná, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ibi tó ga jù tí àtíkè ti dúdú, ibẹ̀ ni kí ẹ mú.

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù yìí ń dùn mí. Ọdún tí mo gba fìrídọ̀mù, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní Gáà Akànbí, mo fi gọ́ọ̀mù sí máṣíìnì oníbàárà kan lọ́pọ̀ yanturu. Èyí tó yọ sínú já, ó lọ dí ojú àsẹ́ ọ́ìlì. Ọ́ìlì kò gòkè mọ́, orí ẹ́ńjìnnì jẹ. Nígbà tí mo tú u, mo bá gọ́ọ̀mù náà níbẹ̀, ó tó ọmọ ìka. Owó mi ni mo fi tún un ṣe.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ló ti ń jáde lóòótọ́, síìlì ṣáàfù ni, ìyẹn òrùka rọ́bà tó ń dí ojú ibi tí ọ̀pá sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ti yọ jáde. Kí ẹ tó rà á, ẹ yẹ bírídà wò, ìyẹn rọ́bà tín-ín-rín tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé fẹ́ràn irú ihò bẹ́ẹ̀. Mo ti yọ amọ̀ gbígbẹ pẹ̀lú ìdin nínú rẹ̀ rí. Bí ibẹ̀ bá dí, afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì á máa ti ọ́ìlì gba ojú síìlì, tuntun tí ẹ bá fi sí i á tún jò. Tí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ gidigidi, ríìngì písítìnnì ló ti jẹ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ẹ di ṣáàfù náà mú, ẹ mì í. Tó bá ń mì sókè sódò, bíárìn ló ti lọ. Ṣéènì tó le jù ló sábà máa ń fà á.

Ẹ mú síìlì àtijọ́ lọ sí ọjà, nọ́ńbà mẹ́ta wà lára rẹ̀: ihò, ìbú, nínípọn. Ẹ fi ọ́ìlì pa ètè tuntun náà, kí ojú tó ní sípíríìngì kọjú sínú, kí wọ́n rọra fi sókẹ́ẹ̀tì tó bá a dọ́gba gbá a wọlé.

Kí ẹ tó ṣe èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa nu táyà ẹ̀yìn kí ẹ tó jáde. Ọ́ìlì tó ń kán lápá ibẹ̀ yẹn lè dé ojú táyà, kọ́nà ọ̀nà Àjàṣẹ́ kò sì ṣeé fi eré dán wò.