Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹ̀rọ Híńjì Tó Ń Dá Ṣiṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Híńjì ilẹ̀kùn oní-ínṣì mẹ́ta la ń ṣe. Pírẹ́ẹ̀sì kan la ní, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń lu irin, agbára rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 25, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ń fi ọwọ́ ki irin bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan ń rọ̀ wá pé ká ra apá róbọ́ọ̀tì tí yóò máa gbé irin sínú dáì, ohun tó ń fún irin ní ìrísí. Owó ilé ni owó rẹ̀. Ṣé ká rà á? — *Baba Onírin, Ọ̀tà*

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á, Baba. Ohun tí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ yín ń ṣe náà ni róbọ́ọ̀tì yẹn yóò ṣe, ó kàn jẹ́ pé kì í sinmi ni. Ẹ gbé aago. Bí gbígbé irin sílẹ̀, títẹ ẹsẹ̀ àti yíyọ irin jáde bá ń gba ìṣẹ́jú àáyá 4, ewé híńjì (ìyẹn ìdajì híńjì kan) 15 lẹ ń rí ní ìṣẹ́jú kan. Bí pírẹ́ẹ̀sì yín bá lè lù ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan náà, a jẹ́ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àsìkò rẹ̀ ló fi ń dúró de ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí irin máa wá fúnra rẹ̀. Ẹ kúrò lórí irin tí ẹ ti gé pélébé sílẹ̀, kí ẹ bọ́ sórí èyí tí wọ́n ká jọ, ìyẹn kọ́ìlì.

Àga tí kọ́ìlì ń yí lórí rẹ̀ ló ṣáájú. Ẹ̀rọ tó ń na irin tẹ̀ lé e, nítorí irin tó ti ká kì í tọ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ afirinbọ̀, rólà méjì tó ń ti irin síwájú ní ìwọ̀n tí ẹ bá yàn fún un. Ní ìparí ni dáì tí irin ń rìn kọjá nínú rẹ̀ ní ìpele-ìpele: ìpele kan á lu ihò sukúrú, òmíràn á fẹ ẹnu ihò, òmíràn á gé eyín híńjì, méjì á ká etí rẹ̀ yípo, èyí tó gbẹ̀yìn á gé ewé náà bọ́ sílẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń bá yín ṣe dáì: etí mímú tí páńsì, ọ̀pá tó ń gún irin tó sì ń gé e, ń fi sílẹ̀ lára irin gbọ́dọ̀ wà nínú ibi tí wọ́n ń ká. Bó bá bọ́ síta, ibẹ̀ ni irin á ti máa sán.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ wo kílọ́ọ̀ṣì pírẹ́ẹ̀sì náà, ohun tó ń so agbára mọ́tọ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ onípíìnì, tí pẹ́dà ẹsẹ̀ ń fà, bó bá ti lè gbá mú báyìí, kò sóhun tó lè dá a dúró títí yóò fi yípo tán. Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú ẹ̀rọ, lè rí i pé irin kò dé ibi tó yẹ, kó pariwo, kó tan iná pupa. Páńsì á ṣì sọ̀ kalẹ̀, á ṣì kán. Èyí tí afẹ́fẹ́ ń di kílọ́ọ̀ṣì àti búréèkì rẹ̀ mú ló lè dúró lójú ọ̀nà. Bí ẹ kò bá rí ọ̀pá afẹ́fẹ́ tó wọ ìdí rẹ̀, pírẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó róbọ́ọ̀tì náà pààrọ̀. Ní ọdún 1924, ẹ̀rọ ìhunṣọ Toyoda ní Japan ti ń dúró fúnra rẹ̀ bí òwú kan bá já. Ẹ̀rọ tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, ẹ̀kún ọmọ iṣẹ́ kan péré kọ́ ló máa ń fà.

Agbára ńkọ́? Ẹ wọn gígùn gbogbo etí tí ẹ ó gé lẹ́ẹ̀kan ní mìlímítà, ẹ fi nínípọn irin ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀, kí ẹ tún fi 350 ṣe é. Niútọ̀ọ̀nù, ìwọ̀n agbára, ni yóò bọ́ sí, bó bá jẹ́ irin rírọ̀. Ewé tó jẹ́ mìlímítà 75 sí 45, tó ní ihò mẹ́ta oní-mìlímítà 5, etí rẹ̀ lápapọ̀ tó 287. Bí irin bá nípọn tó mìlímítà 2, ó di nǹkan bí 200,000 niútọ̀ọ̀nù, ìyẹn tọ́ọ̀nù 20. Ti yín á gbé e, ṣùgbọ́n àyè há, kíká sì tún ń bẹ níwájú. Ẹ jẹ́ kí páńsì ihò kúrú ju páńsì ńlá lọ ní nǹkan bí nínípọn irin kan, kí wọ́n má baà bu irin jẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nǹkan kan ṣẹ́kù tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kì í sọ. Bí ewé kan bá ń gba irin gíráàmù 60 pẹ̀lú àjẹkù rẹ̀, kọ́ìlì kìlógíráàmù 200 á fún yín ní nǹkan bí 3,300 ewé. Bí ẹ bá ń lù ní ìgbà 45 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 74 péré ló máa pẹ́. Bí pípààrọ̀ kọ́ìlì bá wá ń gba ìdajì wákàtí, èrè yín ti ń jò nìyẹn. Ẹ ra àga tó lè gbé kọ́ìlì ńlá, kí ẹ sì ní àga kejì tí wọ́n ti gbé kọ́ìlì tuntun kọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Àwa ti ra ẹ̀rọ afirinbọ̀. Ihò sukúrú kì í sí láàárín ewé mọ́: nígbà mìíràn ó sún síwájú, nígbà mìíràn sẹ́yìn. Páńsì mẹ́ta ti kán ní ọ̀sẹ̀ méjì. — *Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ẹ má tíì tú dáì. Ẹ gé irin náà bó ṣe wà nínú dáì, láti ìpele kìíní dé èyí tó gbẹ̀yìn, kí ẹ fi aṣọ nù ún, kí ẹ gbé e síta nínú oòrùn. Ẹ wo ihò atọ́nà, ihò tí píìnì atọ́nà dáì ń wọ̀ láti fi irin sí ààyè rẹ̀. Bó bá ṣì rí róbótó, ọ̀rọ̀ ò sí níbẹ̀. Bó bá ti gùn bí ẹyin, rólà ń pẹ́ kó tó tú ọwọ́. Píìnì ń fa irin síbì kan, rólà dì í mú síbòmíràn, ihò ló ń jìyà rẹ̀. Rólà gbọ́dọ̀ ṣí nígbà tí ẹnu píìnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ihò, kí páńsì kankan tó kan irin. Irin kékeré kan wà lára pírẹ́ẹ̀sì tó ń gbé rólà sókè. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti tún un ṣe, ní díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tí ń yí fílááwíìlì, kẹ̀kẹ́ ńlá ẹ̀gbẹ́ pírẹ́ẹ̀sì, kì í ṣe pẹ̀lú mọ́tọ̀.

Bí dáì kò bá tilẹ̀ ní píìnì atọ́nà, ìdí àrùn nìyẹn. Àṣìṣe ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà nígbà kọ̀ọ̀kan tí irin bá rìn, bó bá fi máa dé ìpele karùn-ún, ó lè ti di 0.4.

Ní ti páńsì tó ń kán, ẹ wo ojú dáì bóyá irin róbótó tí páńsì gé ń tẹ̀ lé e padà sókè. Ọ́ìlì tó ki ló máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, tàbí kí páńsì ti di mágínẹ́ẹ̀tì lórí ẹ̀rọ ìpọ́nrin. Ẹ pa mágínẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, kí ẹ fi píìnì onísípíríǹgì kékeré sí àárín rẹ̀ kó máa ti irin náà dànù.

Ìbéèrè: Sẹ́ńsọ̀ wa ń ka híńjì irin, kì í ka ti idẹ. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? — *Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Irin ni wọ́n fi wọn ibi tí ojú rẹ̀ ríran dé. Sẹ́ńsọ̀ tó ń rí irin láti mìlímítà 4, kò ju bíi 1.6 sí 2 lọ tó fi ń rí idẹ. Ẹ sún un mọ́ ọn, kí ẹ sì di nọ́ọ̀tì méjèèjì tó dì í mú dáadáa.

Ìbéèrè: Bó bá ti di ọ̀sán, sìlíńdà afẹ́fẹ́ méjèèjì tó ń ti híńjì á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Wọ́n ní ká ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó tóbi sí i. — *Ìkòròdú*

Ìdáhùn: Sìlíńdà tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 50, tó ń rin mìlímítà 100, á jẹ nǹkan bí lítà afẹ́fẹ́ 2.7 ní àlọ àti àbọ̀, bí agbára afẹ́fẹ́ bá jẹ́ báà 6. Ní ìgbà 45 ní ìṣẹ́jú kan, méjèèjì kò ju bíi 245 lítà lọ. Ẹ wá wo páìpù tí ẹ fi ń fẹ́ híńjì bọ́ sínú agbọ̀n. Bí ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀ tó mìlímítà 2, tó ń fẹ́ láìdákẹ́, òun nìkan ń jẹ ju 200 lítà lọ. Ẹ fi fáàfù oníná sí i kó máa fẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kúkúrú nígbà tí ewé bá bọ́ nìkan. Ẹ sì máa tú omi inú táńkì dànù láràárọ̀. Omi yẹn ló ń jẹ rọ́bà inú fáàfù.

Ìbéèrè: Nígbà tí a gbé jẹnẹrétọ̀ mìíràn wá, rólà yí sẹ́yìn, ó fa irin kúrò nínú dáì. — *Ṣàgámù*

Ìdáhùn: Wáyà ìlà iná méjì ti gba ipò ara wọn. Ẹ jẹ́ kí oníná fi rìléè, súwíìṣì tó ń dá ṣiṣẹ́, tó ń ṣọ́ ìtòtẹ̀léra ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i, kó so ó mọ́ wáyà tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ńtákítọ̀, súwíìṣì ńlá tó ń fún mọ́tọ̀ níná. Bí ìlà bá ṣì ara wọn, tàbí tí ọ̀kan bá já, mọ́tọ̀ kankan kò ní gbéra. Láìsí rìléè yẹn, bí ìlà kan bá já tí mọ́tọ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ, jíjó ni yóò jó.

Ìbéèrè: Bọ́tìnì méjì ló wà lára pírẹ́ẹ̀sì wa. Ọ̀gá fi rọ́bà so ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ má dárúkọ mi. — *Ọmọ iṣẹ́*

Ìdáhùn: Bí rọ́bà bá lè tan ẹ̀rọ náà jẹ, wọn kò so ó bó ṣe yẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Rìléè oníbọ́tìnì méjì tó dára kì í gbà kí pírẹ́ẹ̀sì lù àfi bí wọ́n bá tẹ méjèèjì láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá sí ara wọn, kí wọ́n sì tú méjèèjì sílẹ̀ kí wọ́n tó tún lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ìdáhùn yìí han ọ̀gá. Títí wọn yóò fi tún un ṣe, ẹ máa fi ẹ̀mú gígùn ki irin bọ dáì, kí ìka yín má wọ abẹ́ páńsì rárá.