Ọjọ́ mẹ́rin péré? Kútọnu ni o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní Ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ Àìkú lẹ ní, ẹ̀yin àti ìyàwó yín, mọ́tò lẹ máa wọ̀ láti Èkó, ẹ wá ń bèèrè pé ṣé Kútọnu ní Bẹ̀nẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ àbí Lomé ní Tógò. Kútọnu ni o. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ Lomé láyé yín, mo kàn ní kẹ́ ẹ má fi ọjọ́ mẹ́rin lọ ọ́.

Èmi náà ti dán an wò rí. Mo yẹ máàpù wò lórí fóònù, mo rí i pé Èkó sí Kútọnu ò ju bíi kìlómítà 120 lọ, Kútọnu sí Lomé náà bíi 150, mo ní ṣebí kò ju ẹni tó ń lọ Àkúrẹ́ lọ náà nìyẹn, màá jẹ ìlú méjèèjì pọ̀. Máàpù ò ka bọ́dà mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ń lọ Kútọnu, bọ́dà kan lẹ máa kọjá, Sẹ̀mẹ̀. Tó bá jẹ́ Lomé, Sẹ̀mẹ̀ wà ńbẹ̀, Hillacondji, bọ́dà Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, tún wà níwájú, ìyẹn méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀, mẹ́rin nínú ọjọ́ mẹ́rin.

Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀ tí mo hù. Mo dé Sẹ̀mẹ̀ ní bíi aago mọ́kànlá, oòrùn ti ń ta, láìnì ò lọ, ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan ní bọ̀ọ̀dá, ẹ gun ẹ̀yìn mi ká lọ, kíá la máa kọjá. Mo gùn ún. A gba àárín àwọn tírélà kọjá, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún mo ti wà lọ́dọ̀ọ àwọn ará Bẹ̀nẹ̀, inú mi ń dùn, mo ń rò pé mo gbọ́n ju àwọn tó ń tò nínú oòrùn lọ. Pásípọ́ọ̀tù mi wà nínú báàgì látìgbà yẹn, ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn án. Mo sùn ní Kútọnu, ilẹ̀ mọ́, mo wọ tasín Lomé, nígbà tá a dé Hillacondji, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣí pásípọ́ọ̀tù mi láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó tún ṣí i láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó wá ń wò mí. Faransé tí mo gbọ́ ò ju bọ́ńsúà lọ, ṣùgbọ́n mo mọ nǹkan tó ń wá. Sítáǹpù dà? Báwo lo ṣe wọlé?

Orí bẹ́ńṣì kan ni wọ́n fi mí sí. Tasín tí mo wọ̀ lọ, àwọn tá a jọ wà nínú ẹ̀ ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ìyá kan tó ń ta àkàsà nítòsí, Nàgó ni, ìyẹn Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ló gbọ́ tí mò ń fi Yorùbá bú ara mi, ló bá mi dá sí i, ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi fún wọn, ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ń gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé onílé?" Ó tó wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó ṣàánú mi. Ìgbà tí mo fi máa dé Lomé, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Mo rí òkun, mo rí àwọn alánkàrá tó ń palẹ̀ mọ́ ní ọjà ńlá wọn, mo rìn dé ibi tí Lomé ti fara kan Gánà, ó parí. Aago Tógò fi wákàtí kan rẹlẹ̀ sí tiwa, ti Bẹ̀nẹ̀ ló bá tiwa mu, èmi ò rántí ìyẹn nígbà tí mò ń padà, mo dé Kútọnu, bọ́ọ̀sì Èkó ti lọ.

Ẹ wo Kútọnu ná. Lọ́jọ́ kan ẹ lè lọ Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó igi láàárín ọ̀sà Nokoué, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń nájà. Lọ́jọ́ kejì ẹ lọ Ouidah, ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọkọ̀ lọ sókè òkun, bíi 40 kìlómítà ni. Ìyàwó yín á fẹ́ ọjà Dantokpa, ẹ má jẹ́ kó wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, owó lè tán níbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Àjàṣẹ́, Porto-Novo tí wọ́n ń pè é, mọ́sálásí àtijọ́ tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ kọ́ wà ńbẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí i láti òkèèrè ẹ máa búra pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, Yorùbá lẹ sì máa fi bèèrè ọ̀nà. Ère obìnrin jagunjagun tí wọ́n ṣí ní 2022 náà wà ní Kútọnu, 30 mítà ni gíga ẹ̀, fún fọ́tò.

Tó bá jẹ́ bàálù lẹ fẹ́ wọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà o, Lomé ni màá mú, ìlú náà rọrùn, ojú òkun wọn ò jìnnà sí àárín ìlú.

Ẹ mú yẹ́lò káàdì dání, ẹ tètè kúrò ní Máílì Tú, ìdájí ni o, ẹ sì fẹsẹ̀ ara yín rìn lọ gba sítáǹpù lọ́dọ̀ọ tiwa àti lọ́dọ̀ọ tiwọn, bó ti wù kí láìnì gùn tó. Sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, èyí tó bá kù ẹ fi pa mọ́. Ọ̀kadà wọn, zém ni wọ́n ń pè é, ẹ dúnàádúrà kẹ́ ẹ tó gùn ún. Tẹ́ ẹ bá dé Calavi tẹ́ ẹ fẹ́ wọkọ̀ lọ Ganvié, ẹ jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ sọ iye àlọ àti àbọ̀ pọ̀, torí tèmi dúró láàárín omi, ó ní àlọ nìkan la sọ.