Ẹ Bi Wá: Ọdún mélòó ló kù fún irin ọkọ̀ ogun tó ti dàgbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà á pé Amẹ́ríkà ti ń lo ọkọ̀ ojú omi tí à ń pè ní NNS Thunder láti 1968 kó tó di ti Nàìjíríà ní 2011. Báwo ni àwọn ẹnjiníà ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ irin irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kó tó di pé ó lu?

Ìdáhùn: Wọn kì í fi ọjọ́ orí ọkọ̀ nìkan ṣe é. Irin tí ọ̀dà bò dáadáa kì í tètè dógùn-ún. Ìgbà tí ọ̀dà bá bó ni òǹkà ń bẹ̀rẹ̀. Irin abẹ́ ilé ìwẹ̀ lè ti fẹ́ lu nígbà tí ti yàrá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì dà bí tuntun. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣirò tirẹ̀.

Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi ìró wọn ìnípọn irin ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fá ìpẹtà kúrò, wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì pa ibẹ̀, wọ́n á gbé ẹ̀rọ lé e, wọ́n á sì sàmì sí i, torí ojú kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ padà wọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé mìlímítà 8 ni irin náà ní tuntun. Ní 2019, ó ku 7.4, ní 2023, ó ku 7.0. Ó ń jẹ 0.1 lọ́dún nìyẹn. Bí wọn ò bá gbà kó jẹ ju ìdá 20 nínú 100 lọ, 6.4 ni ààlà, ọdún 6 ló kù. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Bí ẹ̀rọ bá lè fi 0.1 ṣì í lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó lè jẹ́ 7.5 ló di 6.9, ó sì lè jẹ́ 7.3 ló di 7.1. Ti àkọ́kọ́ ku ọdún 3 lé díẹ̀, ìkejì ku 14! Ọdún 3 ni ká fi ṣètò ìgbà tí ọkọ̀ máa wọ dọ́ọ̀kì. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ìpíndọ́gba tàn yín: ojú ogún lè pín sí 7.0, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ 5.8. Ibẹ̀ lomi máa gbà wọlé.

Irin tó fẹ́lẹ́ tún ń yára sán. Láti 8 sí 6.4, ìnira orí irin á fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé sí i. Ojú sísán á sì máa gùn ní nǹkan bí ìlọ́po méjì bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ṣírò ìpẹtà lọ́tọ̀, tó ṣírò sísán lọ́tọ̀, ti ṣì í.

Alumíníọ̀mù ni ilé orí Thunder, kì í dípẹtà bí irin. Ṣùgbọ́n irú èyí tí mágínísíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, bí oòrùn bá pa á fún ọ̀pọ̀ ọdún, á bẹ̀rẹ̀ sí í sán ní igun ilẹ̀kùn àti fèrèsé, bẹ́ẹ̀ ìnípọn rẹ̀ ò dín. Wọ́n á da oje pupa sí igun náà, wọ́n á nù ún kúrò, wọ́n á fín pọ́dà funfun lé e. Bó bá ti sán, ìlà pupa tín-ín-rín á yọ.