Ṣọ́ọ̀kì tuntun tó ń dún kọ́-kọ́: ẹ fi ìka kan nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ kí ẹ tó ra nǹkan mìíràn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó ọkọ̀. Ẹ ní Hilux yín kò dún rárá tẹ́lẹ̀, pé ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́, kọ́, bí ẹ bá ti rọra wọ kòtò kékeré, mẹkáníìkì yín sì ti ní kí ẹ lọ ra linkage, ọ̀pá kékeré tó so irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì mọ́ ẹsẹ̀ táyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á. Bó ṣe ṣe èmi náà gẹ́lẹ́ nìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko àti owó tí kò kéré ló sì bá a lọ.

Ẹyin adìyẹ ni mò ń kó láti oko wa ní Akínyẹlé lọ sí Bódìjà ní Ìbàdàn, Hilux 2008 onílẹ̀kùn mẹ́rin ni mo fi ń kó o. Nígbà tí ṣọ́ọ̀kì iwájú ń jo ọ́ìlì, tí iwájú ọkọ̀ ń fò lórí gálọ́ọ̀pù, mo ra tuntun ní Gate, wọ́n dè é fún mi, mo sanwó, mo gbéra. Mi ò tíì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo fi gbọ́ ọ ní ẹ̀gbẹ́ èrò iwájú. Kọ́. Kọ́-kọ́. Lórí títì tó dán, kò sí nǹkan kan. Tí mo bá ti yà sí ọ̀nà oko tí mo rọra ń lọ, ó dé nìyẹn. Mo padà, wọ́n ní linkage ni. Mo ra méjèèjì, ó ń dún. Wọ́n ní ball joint ìsàlẹ̀ ni, oríkèé irin tí ẹsẹ̀ táyà fi ń yí. Mo ra ìyẹn náà, ó ń dún. Wọ́n wá ní ṣọ́ọ̀kì tí mo rà ni kò dáa, kí n wá owó kún owó kí n ra èyí tó wọ́n jù. Inú mi bàjẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe tìtorí owó nìkan. Gbogbo ìgbà tó bá ti dún ni ọkàn mi ń sọ pé táyà ló fẹ́ yọ yẹn, tòun ti ẹrù ẹyin lẹ́yìn mi.

Ilé ni mo ti jókòó rò ó. Ball joint tó ti ń kú kì í dúró de ọjọ́ tí a pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì kó tó pariwo. Bí ariwo bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tú nǹkan, ohun tí wọ́n tú yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kí ṣọ́ọ̀kì iwájú Hilux tó jáde, wọ́n á ti tú nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó dì í mọ́ òkè, wọ́n á tú bóòtì ńlá ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni wọ́n máa ń tú linkage àti ball joint òkè kí áàmù, apá irin tó gbé ẹsẹ̀ táyà, lè sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tú nọ́ọ̀tì àárín, èyí tó wà lórí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, kí wọ́n lè bọ́ sípíríǹgì kúrò lára ògbólógbòó kí wọ́n gbé e wọ tuntun. Kò sẹ́ni tó padà wo ìkankan nínú wọn ní tèmi.

Ohun tí mo ṣe nìyí, ẹ̀yin náà lè ṣe é nínú ọgbà yín. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo fa háńbíréèkì, mo fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn. Mo ní kí ọmọkùnrin mi dúró níwájú ọkọ̀, kó máa fi gbogbo ara tẹ bọ́ḿpà kó sì máa fi í sílẹ̀ kó gbéra padà. Èmi na ọwọ́ gba òkè táyà wọlé títí mo fi kan orí ṣọ́ọ̀kì, mo fi ìka méjì lé nọ́ọ̀tì àárín. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan: ìka mi gbọ́ ọ kí etí mi tó gbọ́ ọ. Wọ́ṣà, irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì, ń gbéra, ó ń balẹ̀, àlàfo tó wà níbẹ̀ kò ju èékánná lọ. Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ibẹ̀ dúró gbagidi. Nígbà tí mẹkáníìkì mìíràn bá mi bọ́ ọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́ṣà yẹn ti ha òrùka dídán sára irin abẹ́ rẹ̀. Ìlù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì máa ń bá nọ́ọ̀tì yí. Bí nọ́ọ̀tì bá ti lọ dé ibì kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í le, ọ̀pá á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e, ẹni tó ń dì í á rò pé ó ti le tán, bẹ́ẹ̀ wọ́ṣà kò tíì jókòó. Orí ọ̀pá yẹn ni wọ́n ṣe kí a lè fi sípánà kékeré tàbí Allen key mú un dúró, kí sípánà kejì máa yí nọ́ọ̀tì. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi plier mú ibi dídán ara ọ̀pá. Egbò tó bá wà níbẹ̀ ni yóò máa gé rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró, ṣọ́ọ̀kì tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò láìpẹ́.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa: dídì ni kí wọ́n di nọ́ọ̀tì àárín yẹn lára ọkọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tú u láìjẹ́ pé irin tó ń fún sípíríǹgì ti mú un ṣinṣin. Agbára tó wà nínú sípíríǹgì yẹn lè pa èèyàn, mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín.

Bí nọ́ọ̀tì àárín bá le, ẹ lọ sí bóòtì ìsàlẹ̀. Inú ihò ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì tí bóòtì náà gbà kọjá, rọ́bà ni, rọ́bà náà sì lẹ̀ mọ́ páìpù irin kékeré kan. Bí wọ́n bá di bóòtì yìí pinpin nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì, tí táyà ń rọ̀ dirodiro, ibi tí páìpù wà nígbà náà ló máa há sí. Bí ọkọ̀ bá wá balẹ̀, rọ́bà á lọ́ bí aṣọ tí a ń fún omi rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà tọ̀sán-tòru títí yóò fi ya. Kí wọ́n kàn ki bóòtì náà wọlé ná láì dì í le, kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n tó dì í tán. Mẹkáníìkì yín lè ní ibẹ̀ há. Ẹ wa táyà gun pátákó tó nípọn kí àyè lè gbà á. Ẹ sì bá mi wò ó bóyá bóòtì yẹn ń mì nínú páìpù, torí mo ti rí ṣọ́ọ̀kì tí ihò rẹ̀ tóbi ju bóòtì ọkọ̀ lọ. Ìyẹn, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Tí wọ́n bá tú ball joint òkè, ẹ wò ó bóyá pín-ìnì kékeré tó ń dá nọ́ọ̀tì rẹ̀ dúró wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ má wa ọkọ̀ náà.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ti fi irin àfikún gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ṣọ́ọ̀kì lè máa nà dé òpin nígbà tí táyà bá bọ́ sínú kòtò, kó sì dún gbì. Kò sí nọ́ọ̀tì tí ẹ máa dì tó máa wo ìyẹn sàn, àfi kí ẹ dín gíga yẹn kù tàbí kí ẹ ra ṣọ́ọ̀kì tó gùn tó o.

Ẹ ṣe ti ìka yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ẹ wá sọ fún wa ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ti gbọ́ ọ, àti bóyá ìgbà tí táyà ń bọ́ sínú kòtò ló ń dún àbí ìgbà tó ń jáde.