Mo Ra Ilẹ̀ Sísàlẹ̀ Òkè l'Ẹ̀fọ̀n: Ibo Ni Ẹrẹ̀ Lè Ya Dé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra pulọ́ọ̀tì kan sísàlẹ̀ òkè ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ tí òjò bá ti dáwọ́. Ojú ọ̀gbàrá kan ti orí òkè wá, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ náà kọjá. Ẹni tó tà á fún mi ní mítà 50 ló wà láàárín wa àti ẹsẹ̀ òkè, pé kò séwu. Bí òkè bá ya lọ́jọ́ kan, ṣé mítà 50 tó?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó o. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ béèrè kí ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù. Mítà 50 yẹn kò sọ ohunkóhun fún wa, torí kì í ṣe ẹsẹ̀ òkè la ti ń wọ̀n ọ́n. Ibi tí ilẹ̀ ti lè ya lókè lọ́hùn-ún la ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí iyẹ̀pẹ̀ tó bo àpáta bá mu omi yó, ó lè ṣí. Tó bá já sójú ọ̀gbàrá, ó di ẹrẹ̀ tó ń gbé òkúta àti igi, ó sì ń kó sí i bó ṣe ń lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ògọ́sì 2017, òkè ya ní Regent, ní Freetown, nílẹ̀ Sàró. Ẹrẹ̀ náà tọ ojú odò lọ bíi kìlómítà 6, títí dé etí òkun. Àwọn tó kú àtàwọn tí wọn kò rí mọ́ lé ní 1,100.

Ní Switzerland, lẹ́yìn òjò ńlá ọdún 1987, àwọn onímọ̀ wọn irú ẹrẹ̀ olókùúta bẹ́ẹ̀. Èyí tó lọ jìnnà jù rìn bíi mítà 5 síwájú fún mítà 1 tó sọ̀ kalẹ̀. Ká ní ibi tó lè ya fi mítà 120 ga ju ilẹ̀ yín lọ: ẹrẹ̀ lè rìn tó mítà 600. Bí ẹsẹ̀ òkè bá wà ní mítà 250 síbẹ̀, ó ṣì ku 350 tí ẹrẹ̀ lè rìn kọjá ẹsẹ̀ òkè, ilẹ̀ yín sì wà ní 50 péré. Ìṣirò yìí kì í ṣe gbèdéke o. Èyí tí amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń kọjá ibẹ̀, èyí tó kéré kì í dé ibẹ̀. Sọ̀fíyọ̀ lè bá yín wá gíga méjèèjì: ti ibi tó lè ya àti ti ilẹ̀ yín.

Bí ẹrẹ̀ ti pọ̀ tó náà ṣe kókó. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ méjì, Griswold àti Iverson, gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2008 fi hàn pé kúbíìkì mítà 1,000, ìyẹn típà 100 tí ìkọ̀ọ̀kan gbé 10, lè bo ilẹ̀ tó tó nǹkan bíi sukúà mítà 2,000. Ìyẹn tó pulọ́ọ̀tì mẹ́ta tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Bó bá di ìlọ́po mẹ́jọ, pulọ́ọ̀tì 12 ni.

Àmọ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí mo gbà gbọ́ jù. Ẹ wò ó bóyá ibi tí ẹ rà fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ láti ẹnu ọ̀gbàrá náà. Ohun tó ti ya rí, omi tàbí ẹrẹ̀, ló máa ń tẹ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ bi àwọn tó gbẹ́ kànga ládùúgbò. Bí wọ́n bá bá iyanrìn àti òkúta wẹẹrẹ tó tò ní ìpele, omi lásán ló kó o wá. Bó bá jẹ́ òkúta ńlá àti kékeré tó dàpọ̀ mọ́ amọ̀ láìtò, ẹrẹ̀ ló gbé e wá, ẹ má kọ́lé síbẹ̀.

Ẹ tún wò ó bóyá afárá kékeré wà lójú ọ̀gbàrá náà. Òkúta àti igi lè dí i, ẹrẹ̀ á sì yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ sápá ibi tí kò sẹ́ni tó retí.

(Ẹni tó ń gbé nídìí Olósùnta n'Íkẹ̀rẹ́, àpáta gbalasa ni tirẹ̀, òkúta tó ń já bọ́ ni kó máa ṣọ́. Ìṣirò mìíràn nìyẹn.)

Kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ mú ẹnìkan lọ láti ẹ̀ka Geology (ìmọ̀ ilẹ̀ àti àpáta) ní EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, l'Ádó, kó gun ojú ọ̀gbàrá náà dé orí. Bí òjò bá sì ń rọ̀ tí omi inú rẹ̀ ṣàdédé gbẹ, nǹkan ti dí i lókè nìyẹn. Ẹ sá sí ẹ̀gbẹ́, síbi tó ga. Ẹ má tọ ọ̀gbàrá náà lọ sísàlẹ̀.