Àbúrò tó ń bèèrè nípa ìwádìí ẹ̀jẹ̀, gbọ́ tèmi

Àbúrò, o ní o ti parí intánṣípù, o ò sì mọ èyí tí wàá fi ṣe Másítà nínú ìmọ̀ ìfàjẹ̀sínilára àti immunotherapy (fífi ohun ìjà ara ṣe ìtọ́jú). Ìwé-àṣẹ MLSCN (àjọ tó ń ṣàkóso àwa onímọ̀ láàbù ìlera ní Nàìjíríà), fọ́ọ̀mù, wíwá alábòójútó, gbogbo ìyẹn ò le, wàá rí i ṣe.

Pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tí a fi ń ṣàyẹ̀wò, ló fojú mi rí màbo. Ántíbọ́dì ni mò ń wá lára àwọn alárùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) tí wọ́n ti gbẹ̀jẹ̀ léraléra. A máa ń wo ABO àti Rh D kí a tó fún wọn, àmọ́ àmì mìíràn pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì pupa, bíi Kell, E àti c. Ara á mọ̀ pé àlejò dé, á ṣe ohun ìjà, ìyẹn ántíbọ́dì, pa mọ́ dè é. Tí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá tún wọlé lẹ́yìn náà, ìjà dé. Sẹ́ẹ̀lì pánẹ́ẹ̀lì la fi ń mọ irú ohun ìjà tó jẹ́. Òkè òkun ló ti ń wá, kò gbọ́dọ̀ dì, kò gbọ́dọ̀ gbóná, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́.

Fúráìdé ni tèmi balẹ̀. Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù ní, "Ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?" Ó ní kí n lọ mú lẹ́tà wá. Mo mú un dé ní Mọ́ńdè, ó ní kì í ṣe irú lẹ́tà yẹn. Ọjọ́ kọkànlá ni mo tó gba páálí. Yìnyín ti yọ́ tán. Mo gbé ìgò kan sókè: omi orí rẹ̀ tó yẹ kó mọ́ gaara ti pọ́n bíi sóbò. Owó oṣù mi mẹ́rin! Wọ́n tún gba owó ìkẹ́rùsí lọ́wọ́ mi. Lórí kí ni?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á tí ìyàwó yín jẹ́ Rh negative (kò ní àmì D), ẹ jọ̀ọ́, tó bá bí ọmọ tó jẹ́ positive (tó ní i), kó gba abẹ́rẹ́ anti-D láàárín wákàtí 72, kí ara rẹ̀ má baà ṣe ohun ìjà de ẹ̀jẹ̀ ọmọ mìíràn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ṣé o rí abẹ́rẹ́ yẹn? Ántíbọ́dì láti inú omi ẹ̀jẹ̀ àwọn olùtọrẹ ni. James Harrison, ará Australia, tọrẹ tiẹ̀ ju ìgbà 1,100 lọ. Immunotherapy nìyẹn, láti 1968 ni wọ́n sì ti ń lò ó ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, èwo lo fẹ́ yà sọ́tọ̀ nínú méjèèjì? Mú ìfàjẹ̀sínilára, ìkejì á bá ọ níbẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ wo lo ń wò? Kó o tó sanwó fọ́ọ̀mù, lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí kò síná, kó o béèrè ta ló ń ra dísẹ́ẹ̀lì sí jẹnẹrétọ̀ fíríìsà wọn.