Kí ló dé tí 5 g ò ṣe nǹkan kan fún mọ́dẹ́ẹ̀lì mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ mọ́dẹ́ẹ̀lì kan sórí kọ̀ǹpútà, mo fẹ́ kó fi hàn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣe lára páílọ́ọ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ogun tó bá fi eré burúkú yí kọ́nà. Mo fi pọ́ǹpù ṣe ọkàn, páìpù kan lọ sórí, òmíì lọ sẹ́sẹ̀, gbogbo ẹ̀ wá padà sọ́dọ̀ pọ́ǹpù. Mo gbé òòfà láti 1 g (bí ilẹ̀ ṣe máa ń fà wá lójoojúmọ́) lọ sí 5 g (ìlọ́po márùn-ún ẹ̀), ìfúnpá yí padà lóòótọ́ àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lọ sórí ò dín kù rárá, bẹ́ẹ̀ páílọ́ọ̀tì gidi tí ò múra sílẹ̀ á ti dákú. Kí ni mi ò ṣe? — Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ

ÌDÁHÙN: Ìṣirò yín ò burú, páìpù yín ló le jù. Tí páìpù líle bá yí po tómi kún inú ẹ̀, ohun tí òòfà gbà lọ́wọ́ omi tó ń gòkè, ó ń dá a padà fún èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á kàn pa ara wọn rẹ́ ni, kódà tẹ́ ẹ bá gbé e dé 50 g nǹkan kan náà lẹ máa rí.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ èèyàn ò rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn rọ̀ gan-an, inú wọn sì ni ohun tó ju ìdajì ẹ̀jẹ̀ wa lọ wà. Tí g bá ti wọlé, tẹsẹ̀ àti tikùn á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á jókòó síbẹ̀, èyí tó ń padà sí ọkàn á dín kù, ọkàn ò sì lè pọ́ǹpù ohun tí ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Iṣan ọrùn tó ń bọ̀ látorí náà á lẹ̀ pọ̀, torí náà ìyẹn ò ní rí nǹkan kan dá padà mọ́. Ẹ fún páìpù kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń fẹ̀ sí, irú ohun tí Otto Frank, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ṣe ní 1899, kẹ́ ẹ wá fi bó ṣe jìn sí ọkàn tó lóròó kún un.

Ẹ wo ti orí. Ẹ̀jẹ̀ wúwo tó 1060 kg nínú mítà onígun mẹ́ta kan, láti ọkàn dé ojú tó bíi 0.3 m. Ẹ fi 9.8 (òòfà 1 g) sọ wọ́n di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá fi 133 pín in kó lè di mmHg, ìyẹn ìwọ̀n táwọn dókítà fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ó máa fún yín ní bíi 23 mmHg fún g kọ̀ọ̀kan. Tí ìfúnpá níbi ọkàn bá jẹ́ 100, ní 1 g ó kù 77 lórí, ní 4 g ó kù 8 péré! Ẹyinjú sì ní ìfúnpá tiẹ̀ nínú, bíi 15, òun ló ṣe jẹ́ pé ojú ló ń kọ́kọ́ lọ: àwọ̀ á ṣá, ẹ̀gbẹ́ á ṣókùnkùn, gbogbo ẹ̀ á wá dúdú nígbà tí èèyàn ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ló tó dákú. Tí mọ́dẹ́ẹ̀lì yín bá dákú kójú ẹ̀ tó ṣú, àṣìṣe ti wà níbì kan.

Ohun táwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni àkókò. Ara máa ń fún iṣan pọ̀ láti gbé ìfúnpá padà, àmọ́ ó lè gba tó sẹ́kọ́ńdì 10 kó tó ṣe é tán, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ ò ní ju bíi sẹ́kọ́ńdì 5 ọ́síjìn nípamọ́. Ẹ fi ìdádúró yẹn sí i, ẹ máa rí i pé 5 g tó wọlé díẹ̀díẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó já wọlé lójijì.

Ẹ tún yí ìjókòó dà sẹ́yìn kẹ́ ẹ wò ó, torí kìkì bí orí ṣe jìn sí ọkàn lójú ọ̀nà tí g ń fà sí ló ṣe pàtàkì. Ní 1954, John Stapp, dókítà ọmọ ogun òfuurufú ní Amẹ́ríkà, fara da ohun tó ju 46 g lọ torí pé ó gba iwájú àyà ẹ̀, kì í ṣe láti orí sẹ́sẹ̀ (ojú ẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀ o, kò rọrùn rárá).

Aṣọ tó ń fún páílọ́ọ̀tì lẹ́sẹ̀ àti ikùn ńkọ́? Ìyẹn ò le: ẹ kàn fi ìfúnpá kún ìta páìpù ẹsẹ̀ àti tikùn, ó yẹ kó fi bíi 1 g kún ohun tí páílọ́ọ̀tì yín lè gbà.